Àfẹ́sọ́nà Tó Ń Wáṣẹ́ Lábẹ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ kí orin ṣíwájú, kí ọ̀rọ̀ máa tẹ̀ lé e bọ̀:

Ìfẹ́ ò mọ aṣọ,
Ìfẹ́ ò mọ bàtà,
Ẹni tí ìfẹ́ bá kì mọ́lẹ̀,
Irọ́ ní í kọ́kọ́ pa o,
Irọ́ ní í kọ́kọ́ pa.

Ẹni tó bá ti fẹ́ràn ènìyàn rí mọ̀ pé orin náà kò purọ́. Mutolib ọmọ Kétu ni ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Gbàgádà ni Mutolib ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ní ilé iṣẹ́ kan tó ń kó ẹ̀rọ ilé ìwòsàn wọ̀lú. Ẹ̀ka àkáǹtì ló wà. Ayé rọ̀ ọ́ lọ́rùn díẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti ń yọ, àfi bí ọ̀gá wọn ṣe kó gbogbo wọn jọ lọ́jọ́ Ẹtì kan tó ní ọjà ò tà mọ́, òun ń ti ilẹ̀kùn. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Mutolib wẹ̀, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó so táì mọ́rùn, ó jáde. Kò síbi tó ń lọ. Ojú ló ń tì í. Ìyàwó onílé a máa gbálẹ̀ ní àárọ̀, a sì máa kí i pé, "Uncle Báǹkì, ẹ ti ń lọ síbi iṣẹ́?" Ẹnu wo ni yóò fi sọ fún un pé iṣẹ́ ti lọ síbi tí òun ò mọ̀?

Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Á wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Ogudu, á jókòó sábẹ́ igi fúrúǹtù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ́fíìsì ńláńlá, á máa tẹ fóònù. Ibẹ̀ ló ti ń wáṣẹ́. Ìwé ìwáṣẹ́ kan ṣoṣo ló kọ, òun náà ló ń fi ránṣẹ́ síbi gbogbo. Wọ́n ń wá akáńtáǹtì, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n ń wá ẹni tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe, ó fi ránṣẹ́. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ ọmọdé níjó, ó fi ránṣẹ́! Àgbàdo tí ènìyàn bá fọ́n sórí kọnkéré, ṣé ó máa hù ni? Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé ó ń wá ohunkóhun, ì báà ṣe ọ̀rẹ́, ì báà ṣe ìbátan.

Ooru abẹ́ igi yẹn ló fọ́ ọ lórí lọ́jọ́ kan tó fi yà ní kẹ́míìsì kan ní Ìkòsí kó tó wọlé. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ gbójú sókè, ó rí táì, ó rí bàtà tó ń dán.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Uncle."

Mutolib ì bá sọ pé, "Mi ò níṣẹ́." Ó ní, "A dúpẹ́ o."

A dúpẹ́ yẹn ni irọ́ àkọ́kọ́. Kò gùn, kò fẹ̀, ó kàn jókòó síbẹ̀ bí ọmọ ológbò.

"Orí ló ń fọ́ mi," ni Mutolib wí.

"Orí tó ń ka owó olówó látàárọ̀, ṣé kò ní fọ́ ni?" Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ yà láàárín bí ilẹ̀kùn ilé ayọ̀. Súmbọ̀ lorúkọ rẹ̀. Mutolib gba oògùn, ó gbàgbé láti lò ó.

Ní ọjọ́ kejì ó tún dé.

"Kí ló tún ń ṣe yín?"

"Àyà ni."

"Ó ń dùn yín ni?"

"Ó ń lù."

"Àyà tí kò bá lù, ti òkú ni. Ẹ máa lọ sílé, Uncle, a ò ní oògùn ìyẹn níbí." Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́, ó sì fi ojú sin Mutolib dé títì.

Oṣù ń gorí oṣù. Ẹ̀rín di ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ di ìfẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Mutolib ń dúró de Súmbọ̀ kó ti ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n jọ rìn lọ sí ojúlé wọn. Ọ̀rọ̀ tí Súmbọ̀ fi ń pàdé rẹ̀ ni, "O kú iṣẹ́ o, ọkọ mi lọ́la." Bí abẹ́rẹ́ ni kíkí yẹn ń gún Mutolib. Nínú ọkàn rẹ̀ á ní, "Sọ fún un lónìí." Ọkàn náà á tún dá a lóhùn pé, "Ní ọ̀la. Iṣẹ́ lè dé lọ́la, irọ́ yìí á sì di òótọ́ fúnra rẹ̀." Ó ti wá gbà pé irọ́ òun kì í ṣe irọ́, pé òótọ́ tí kò tíì pọ́n ni.

Ìyá Súmbọ̀ ni Alhaja Kabirat tó ń ta iṣu ní Mile 12, obìnrin tí ohùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ wọ ọjà. Mutolib bẹ àbúrò bàbá rẹ̀, Aunty Màríyámọ̀, pé kó bá òun ṣe alárinà. Aunty Màríyámọ̀ lọ, ó bọ̀, ó tún lọ. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ọmọkùnrin wá kí wọ́n rí i.

Mutolib dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Alhaja wò ó títí.

"Dìde, ọmọ mi. Mi ò bèèrè mọ́tò, mi ò bèèrè ilé. Iṣẹ́ ni mo bèèrè. Kí lò ń ṣe?"

"Àkáǹtì ni, mà. Ní Gbàgádà." Ì bá dákẹ́ síbẹ̀. Ó rí ojú Súmbọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ahọ́n rẹ̀ yọ̀. "Èmi... èmi ni olórí wọn níbẹ̀."

Aunty Màríyámọ̀ yí orí wò ó. Òun náà kò gbọ́ ti olórí yìí rí. Ṣùgbọ́n ẹnu alárinà kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Alhaja, àwa ni a ò fẹ́ máa pariwo ẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ilé iṣẹ́ kan ní Ogudu pè é fún íntáfíù. Àwọn mẹ́ta ló jókòó sídìí tábìlì, ìyá kan tó tó ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ orí ló wà láàárín. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi bi í, Gẹ̀ẹ́sì ló fi dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé Yorùbá ló fi dáhùn. Wọ́n ní kó sọ nípa ara rẹ̀. Ó tẹrí ba, ó kọjú sí kápẹ́ẹ̀tì, ó sọ orúkọ bàbá rẹ̀, ó sọ ti ìyá rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n ní kí ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní òun ń gbìyànjú díẹ̀díẹ̀, pé àwọn ọ̀gá òun ló ń ràn òun lọ́wọ́. Ọmọ tí a kọ́ kì í yin ara rẹ̀ níwájú àgbà, kì í sì í wo àgbà lójú. Ìyá náà tẹ ọrùn wò ó bí ẹni ń wá ojú rẹ̀ nísàlẹ̀ tábìlì. Wọ́n ní, "A ó pè ọ́." Ẹnikẹ́ni kò pè.

Ẹ ò rí ayé? Ibi tó yẹ kí Mutolib ti dákẹ́ ló ti fọ́nnu, ibi tó yẹ kó ti fọ́nnu ló ti dákẹ́.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ẹ́, Alhaja Kabirat rò ó pé àna rere ni a máa ń lọ kí níbi iṣẹ́. Ó bi Súmbọ̀ léèrè orúkọ ilé iṣẹ́ náà, ó ṣa iṣu tó dáa, ó wọ mọ́tò lọ sí Gbàgádà. Abẹ́ igi fúrúǹtù ni Mutolib wà nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Mutolib ọmọ mi, níbo lo wà?"

"Ọ́fíìsì ni, mà. Iṣẹ́ pọ̀ lónìí gan-an."

"Ọ́fíìsì ti Gbàgádà yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Inú mítíìnì gan-an ni mo wà báyìí."

"Ó dáa. Ẹnu géètì yín lèmi náà wà. Jáde wá bá mi gbé iṣu wọlé."

Èso fúrúǹtù kan já bọ́ lé Mutolib lórí, kò mọ̀.

"Ṣé ò ń gbọ́ mi? Ṣùáíbù mẹ́gáàdì ló dúró tì mí yìí. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ti ibí pa. Ó ní ewúrẹ́ ló ń sùn nínú ọ́fíìsì yín. Mutolib! Ṣé olórí àwọn ewúrẹ́ ni wọ́n fi ẹ́ jẹ ni?"

Mutolib fò dìde lábẹ́ igi. Ó gbọ́ tí Alhaja sọ fún ọkùnrin náà pé, "Gbé iṣu yìí, Ṣùáíbù. Ìwọ ni mo bá lẹ́nu iṣẹ́." Fóònù sì kú.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀rọ̀ ti dé Kétu. Aunty Màríyámọ̀ wá, kò jókòó. "Ẹnu yìí ni mo fi lọ tọrọ ọmọ ọlọ́mọ," ó ń fi ìka lu ètè ara rẹ̀, "ẹnu yìí náà! O sọ mí di alárinà irọ́. Báwo ni màá ṣe rìn kọjá ní Mile 12?" Ó sunkún lọ. Ì bá wu Mutolib kí ilẹ̀ lanu gbé e mì, ṣùgbọ́n sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ṣe ilẹ̀ yàrá rẹ̀.

Ó lọ bá Súmbọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Súmbọ̀ dúró lẹ́yìn káńtà, ó kó ọwọ́ lé e.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Kí ni ẹ fẹ́ rà?"

Ẹ yẹn! Sà yẹn! Ìgbájú dùn jù wọ́n lọ.

"Súmbọ̀, èmi mà ni."

"Mo rí yín, sà. Ojoojúmọ́ ni mo ń kí yín pé ẹ kú iṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni mo ń kí?"

"Ojú ló ń tì mí. Mo rò pé o ò ní..."

"Pé mi ò ní fẹ́ yín? Ẹ ò tiẹ̀ bi mí léèrè. Ká ní ẹ sọ fún mi ni, ǹ bá máa bá yín wá a. Ta ni kì í wá ra oògùn níbí? Ọ̀gá ń wá, ìyàwó ọ̀gá ń wá. Ẹ fi ìtìjú tilẹ̀kùn mọ́ èmi náà síta." Ojú rẹ̀ ti kún fún omi. "Oníbàárà wà lẹ́yìn yín, sà. Ẹ yà fún wọn."

Láti ọjọ́ náà, bí Mutolib bá pè é lórí fóònù, kì í gbé e.

Ọkàn Mutolib ní, "Ó ti tán." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Súmbọ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Ta ni òun tún ti tilẹ̀kùn mọ́ síta? Ó rántí Tiwa, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Gbàgádà, tó sì ń gbé ní àdúgbò kan náà. Ó lọ sílé rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Nígbà tó fi máa sọ ọ́ tán, òógùn ti mú un.

"Ẹ ò níṣẹ́?" Tiwa dìde dúró. "Bọ̀ọ̀dá Mutolib, àràárọ̀ ni mo ń rí yín nínú táì! Ibi tí mo wà báyìí wá akáńtáǹtì nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Mo ní kí n pè yín, mo tún ní, ẹ ti ríṣẹ́, ẹ tiẹ̀ ń dán. Ẹni tí a ò mọ̀ rí ni wọ́n gbà."

Aṣọ tó fi ń tan ọ̀tá ló ti tan ọ̀rẹ́. Ìtìjú yẹn wọ̀ ọ́ ju ti géètì Gbàgádà lọ.

Tiwa ò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní kó má fìwé ránṣẹ́ síbi gbogbo mọ́, kó mú ibi tí wọ́n ti nílò ohun tó mọ̀, kó kọ́kọ́ kà nípa wọn, kí ìwé tó bá kọ sí wọn jọ pé àwọn ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ nípa ara yín ńkọ́?"

"Màá ní ọmọ bàbá..."

"Ha! Wọn ò ní kí ẹ ki oríkì! Ta ló rí i nígbà tí wọ́n kọ ẹ̀rọ kan ṣoṣo sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì?"

"Èmi ni."

"Ta ló kọ́ àwa tó kù bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é?"

"Èmi ni, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀gá..."

"Kò sí ṣùgbọ́n níbẹ̀. Ẹ wo ojú mi, kí ẹ tún un sọ." Mutolib gbìyànjú, ojú rẹ̀ sá lọ sórí fáànù. "Bọ̀ọ̀dá, bí ẹ ò bá wò wọ́n lójú, wọ́n á rò pé ẹ ti jalè rí. Ẹ tún un sọ."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún ayé. Ó sọ fún ìyàwó onílé, ìyẹn di ìgbálẹ̀ mú, ó ní, "Uncle Báǹkì! Tí ẹ fi ń jáde yẹn?" Ó sọ ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Ó sọ fún àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, ọ̀kan rẹ́rìn-ín, òmíràn ní kó fi nọ́ńbà sílẹ̀. Bí ẹni ń bọ́ṣọ láàárín ọjà ló rí lára rẹ̀ nígbàkígbà tó bá la ẹnu. Ó ṣáà ń la ẹnu.

Ó wáṣẹ́ ní kọ̀rọ̀, kọ̀rọ̀ ò dáhùn,
Ó gbé e jáde síta o,
Ojú tì í, ojú tì í,
Ẹsẹ̀ ò yéé rìn.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan ní Ogudu tó ń pín oògùn fún àwọn kẹ́míìsì pè é. Ó ti kà nípa wọn. Ó gbójú sókè. Ó sọ ohun tó ti ṣe, kò fi kún un, kò yọ kúrò. Wọ́n bi í pé láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti ti ilẹ̀kùn, kí ló ti ń ṣe? Etí rẹ̀ gbóná. Ó ní, "Iṣẹ́ ni mo ń wá. Mo kọ́kọ́ ń wá a lábẹ́lẹ̀ nítorí pé ojú ń tì mí, ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́." Ọ̀kan nínú wọn wúkọ́. Nígbà tó délé, ó kọ̀wé ìdúpẹ́ sí wọn bí Tiwa ṣe ní kó ṣe. Wọn ò fèsì.

Ibi tó ti ń retí èsì ni Alhaja Kabirat ti ránṣẹ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n Alhaja ń bọ̀ nílé lọ́jọ́ Àìkú, kí Mutolib àti alárinà rẹ̀ wá sọ ohun tí wọ́n rí lọ́bẹ̀ tí wọ́n fi wá purọ́ nílé onílé. Súmbọ̀ ló bẹ ìyá rẹ̀ pé kí wọ́n gbọ́ ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kó tó di pé wọ́n pa ọ̀rọ̀ náà dé.

Lẹ́nu ọ̀nà, Aunty Màríyámọ̀ fa Mutolib lápá. "Tí wọ́n bá bi ẹ́, sọ pé àwọn Ogudu ti gbà ẹ́. Ó ku díẹ̀ náà ni, wọ́n á gbà ẹ́. Má tún dójú tì mí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Mutolib. Òótọ́ tí kò tíì pọ́n ni, àbí? Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀. Yàrá kún. Súmbọ̀ ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ ẹnu ọ̀nà yàrá mì díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Àgbà, ẹ̀gbọ́n Alhaja pátápátá, tún fìlà rẹ̀ dé.

"Ọmọkùnrin, iṣẹ́ wo lò ń ṣe?"

Mutolib dìde kúnlẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wò ó.

"Mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́, sà. Mo ń wá a. Àkáǹtì ni mo mọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n ti pè mí níbì kan, wọn ò tíì fún mi lésì. Irọ́ ni mo pa fún Mummy. Aunty mi ò mọ̀, èmi ni mo tan àwọn náà."

Aunty Màríyámọ̀ fi ìborùn bo ojú. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n pòṣé. "Ẹ gbọ́ nǹkan! Ó wá tọrọ ìyàwó, kò níṣẹ́, ó tún ní òun mọ̀ ọ́n dáadáa!" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mutolib gba ẹ̀rín náà sára bí òjò, kò tẹrí ba.

Alhaja Kabirat nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́.

"Bàbá Súmbọ̀... wọ́n dá a dúró níbi iṣẹ́, kò sọ fún mi. Àràárọ̀ ni mo ń di oúnjẹ fún un. Ìgbà tó kú, tí àwọn kan wá kí mi, ni mo tó gbọ́ pé abẹ́ bíríìjì ni ọkọ mi ń jókòó sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mi ò sọ èyí fún yín rí. Mo ti dárí irọ́ yẹn jì í. Èyí tí mi ò lè gbójú kúrò níbẹ̀ ni pé èmi ni ìyàwó ẹ̀, kò sì jẹ́ kí n bá a gbé ìtìjú ẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó na ìka sí Mutolib. "Èyí ti gbé tiẹ̀ síwájú mi. Súmbọ̀!"

Súmbọ̀ jáde.

"O gbọ́?"

"Mo gbọ́, mà."

"Ṣé irú èyí lo fẹ́?"

Súmbọ̀ wo Mutolib bí ẹni ń wo àlejò. "Mummy, èyí tí mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, mi ò fẹ́ ẹ mọ́. Èyí tó sọ̀rọ̀ yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i ni. Ẹ jẹ́ kó máa wá sílé, kí n lè mọ̀ ọ́n."

Bọ̀ọ̀dá Àgbà rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n. "O gbọ́, àbí? Wọn ò gbà ẹ́, wọn ò sì lé ẹ. Máa wá."

Súmbọ̀ sìn wọ́n dé títì, Aunty Màríyámọ̀ ṣíwájú, ó ń kùn pé irú èsì wo tún nìyẹn. Ọ̀sán gangan ni, gbogbo àdúgbò wà níta. Ìyá kan tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà gbójú sókè.

"Súmbọ̀, ta ni arákùnrin yìí?"

"Ó ń wáṣẹ́, mà," ni Súmbọ̀ wí, ó gbé ohùn sókè tí gbogbo èèyàn fi gbọ́, "ó tún ń wá mi."

Ojú ti Mutolib títí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀.

"Iṣẹ́ wo ló mọ̀ ọ́n ṣe?" ni ìyá náà bèèrè.

Mutolib dúró, ó yíjú sí i, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún un.